Bob Taylor àti Ẹ̀rọ Mẹ́ta inú Yàrá Kan

Ìtàn kan wà tí ó ti tàn ká láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ìbẹ̀rù àdó olóró Rọ́ṣíà ni ó mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn, pé bí ogun bá ba ìlú kan jẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè gba ibòmíràn kọjá. Ìtàn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó tọrọ owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Robert Taylor ni orúkọ rẹ̀. Bob ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ìlú Dallas ni a bí i sí ní 1932, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan àti aya rẹ̀ sì gbà á tọ́ láti ìkókó. Kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní Yunifásítì Texas. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìṣesí ènìyàn ni. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè pé kí ni a óò fi ẹ̀kọ́ wa jẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn.)

Ní 1966 ó di olórí ẹ̀ka ìwádìí kọ̀ǹpútà ní ARPA, iléeṣẹ́ ìwádìí kan lábẹ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà. Nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Pentagon, ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń bá kọ̀ǹpútà MIT sọ̀rọ̀, èkejì ń bá ti Berkeley, ẹ̀kẹta ń bá ti Santa Monica, olúkúlùkù pẹ̀lú àṣẹ tí ó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́. Bí Taylor bá ń bá ará Santa Monica sọ̀rọ̀, tí ó sì fẹ́ kí ará Berkeley gbọ́ sí i, àfi kí ó dìde, kí ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí agboolé tí ìyàwó mẹ́ta kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí baálé sì ń ru ọ̀rọ̀ láti yàrá dé yàrá. Ó wí pé, kí ló dé tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè dé ibi gbogbo?

Ó tọ Charles Herzfeld, ọ̀gá ARPA, lọ. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ó gba dọ́là 1,000,000, tí a yọ nínú owó ìdáàbòbò lọ́wọ́ àdó olóró! Bóyá níbẹ̀ ni èéfín ìtàn yẹn ti rú. Òótọ́ ni pé Paul Baran ti kọ̀wé ṣáájú lórí ìsokọ́ra tí ogun kò lè pa. Baran ń ro ti ogun, Taylor ń ro ti ìrìn láti àga dé àga. Àròkọ tí òun àti Licklider kọ ní 1968, orí ìbánisọ̀rọ̀ ni ó dá lé.

N kò ní sọ pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Nígbà tí Lawrence Roberts kọ̀ láti wá ṣe iṣẹ́ náà, Taylor mú kí Herzfeld rán ọ̀gá Roberts létí ibi tí owó wọn ti ń wá. Roberts wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀wàrà 1969, wọ́n gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ láti UCLA sí Stanford Research Institute. Lẹ́tà méjì, L àti O, ni ó dé kí ẹ̀rọ tó dákú.

Ní 1970 Taylor lọ sọ́dọ̀ Xerox ní Palo Alto. Níbẹ̀ ni Lampson àti Thacker, lábẹ́ rẹ̀, ti ṣe Alto ní 1973: kọ̀ǹpútà ẹnì kan ṣoṣo, tí ó ń fi àwòrán hàn lójú rẹ̀, tí ó sì ní irinṣẹ́ àfọwọ́tì tí wọ́n ń pè ní eku. Owó tí Taylor fún Engelbart nígbà tí ó wà ní NASA ti ran eku náà lọ́wọ́ láti dáyé. Xerox kò gbé Alto lọ sọ́jà. Steve Jobs wá wo iṣẹ́ wọn ní 1979. Macintosh jáde ní 1984. Nígbà náà Taylor ti bínú kúrò ní Xerox, ní 1983, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé e lọ sí DEC. Ó kú ní 2017, ní ẹni ọdún 85.