Fíìmù Ìgbéyàwó Ọba: Láti Ilé Tudor Dé Accra

Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń fi fíìmù sọ ìtàn àwọn ìyàwó Ọba Henry Kẹjọ. Ọmọ ìdílé Tudor ni ọba yìí, ó gorí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1509, ó sì fẹ́ ìyàwó mẹ́fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí àtibí àrẹ̀mọ ni ó ṣe kọ ti àkọ́fẹ́, tí ó sì yapa kúrò lábẹ́ Póòpù Róòmù. Nígbà tí Anne Boleyn, ìyàwó kejì, náà kò bí ọmọkùnrin fún un, wọ́n bẹ́ orí obìnrin náà ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, 1536. Ìtàn Henry yìí ni Alexander Korda yà sí fíìmù ní 1933, tí Charles Laughton fi gba ẹ̀bùn Oscar. Òun náà ni a tún yà ní 1969 nínú Anne of the Thousand Days.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìgbéyàwó ti ń di ọ̀ràn ìlú. Amma Asante, olùdarí fíìmù tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gánà, gbé fíìmù A United Kingdom jáde ní 2016, ó sì fi David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí orírun rẹ̀ jẹ́ ilé ọba ní Awẹ́, ṣe Seretse Khama, àrólé ọba àwọn Bamangwato ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Botswana lónìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, 1948, Seretse fẹ́ Ruth Williams, akọ̀wé òyìnbó kan, ní Lọ́ńdọ̀nù. Tshekedi, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó ń ṣe adelé ọba, fárígá. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà, tí kò fẹ́ kí dúdú àti funfun fẹ́ra, bínú kíkankíkan. Síbẹ̀, ní 1949, nígbà tí Seretse dúró ní gbangba ìpàdé ìlú ní Serowe, tí ó ní kí ẹni tí ó bá gba òun àti aya òun dìde, ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin ni ó dìde fún un. Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn, kò ka ìdìde yẹn sí: wọ́n lé ọba náà kúrò nílùú rẹ̀ ní 1950, kò sì padà àfi ní 1956, lẹ́yìn tí ó ti fi oyè sílẹ̀. Ìtàkùn tó ní kí erin má wọ odò, tòun terin ní ń lọ: nígbà tí Botswana gba òmìnira ní 1966, Seretse náà ni ó di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Accra náà ní irú ìtàn yìí. Kwame Nkrumah, olórí ìjọba Gánà, kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n Ọ̀ságyefo, ìyẹn olùdáǹdè, ni wọ́n ń kì í, ìgbéyàwó rẹ̀ sì jọ ti ọba: ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, 1957, nínú ilé olódi Christiansborg ní Osu, ó fẹ́ Fathia Rizk, ọmọ Íjíbítì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Accra ní ọjọ́ náà gan-an, tí ó ń sọ èdè Lárúbáwá àti Faransé, nígbà tí ọkọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Inú àwọn obìnrin Gánà kan kò dùn pé kò fẹ́ ọmọ ilé. Síbẹ̀, àwọn ahunṣọ sọ aṣọ kente kan ní Fathia fata Nkrumah, pé Fathia yẹ Nkrumah. Nígbà tí àwọn ológun sì gba ìjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, 1966, aṣọ náà di Obaakofo mmu man, pé ẹnìkan kì í dá ìlú ṣàkóso. Fathia kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Káírò. Nígbà tí ó kú ní 2007, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Accra ni wọ́n sin ín sí.

Mo kà á sí ìtàn tí ó tọ́ sí fíìmù ńlá, Gánà kò sì ṣe aláìní ẹni tí ó lè yà á. Kwaw Ansah ti fi Love Brewed in the African Pot, fíìmù ìfẹ́ àti ìgbéyàwó láyé òyìnbó amúnisìn, hàn wá ní 1980, Heritage Africa rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ní FESPACO, àjọ̀dún fíìmù Áfíríkà, ní 1989. Ẹ̀yin oníṣẹ́ fíìmù Accra, ẹ yà á nísinsìnyí tí ó ṣì ku àgbà tí ojú rẹ̀ rí ọdún 1957, kí ẹ sì jẹ́ kí Twi, Gã àti Lárúbáwá máa dún ní ẹnu àwọn tí ó ni wọ́n.