Àrùn Diphtheria: Bí wọ́n ṣe ń tọpasẹ̀ rẹ̀ kó má baà ran gbogbo ìlú

Ọ̀fun dídùn wọ́pọ̀ lára ọmọdé, bélúbélú ni ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń kọ́kọ́ pè é. Àmọ́ bí awọ kan tó ní àwọ̀ eérú bá bo inú ọ̀fun, tí ọrùn sì wú, ó lè jẹ́ Diphtheria. Ó máa ń dí ọ̀nà èémí, oró rẹ̀ sì máa ń ba ọkàn jẹ́. Láìsí ìtọ́jú, ó lè pa tó ìdajì àwọn tó bá mú.

Ṣé ó wà ní Nàìjíríà?

Ó wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ìròyìn rẹ̀ dé etí àjọ NCDC láti Kano àti Èkó. Kano ló ti pọ̀ jù, àwọn ọmọdé ló sì mú jù, pàápàá àwọn tí kò gba àjẹsára pé. Ikọ́ àti sísín ló fi ń ranni, èrò tó sì ń gba Àrámọ̀kọ kọjá láàrin Adó-Èkìtì àti Iléṣà lójúmọ́ kì í ṣe kékeré.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà kan?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ọdún 1899 sọ ọ́ di dandan níbi gbogbo pé kí dókítà tó bá rí Diphtheria fi tó dókítà ìjọba àdúgbò létí. Wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn àdádó, wọ́n á sì fi oògùn apakòkòrò fọ ilé rẹ̀.

Síbẹ̀, títọpasẹ̀ nìkan kò tó. Ní ọdún 1940, ó mú èèyàn tó lé ní 61,000 ní Britain, 3,283 sì kú. Ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri. Nígbà tó fi di 1957, èèyàn 38 péré ló mú, 6 ló kú.

Bó bá ṣẹlẹ̀ nítòsí ńkọ́?

Yálà Ìjerò ni o, tàbí Ẹ̀fọ̀n, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn tó ń ràn. Bí ilé ìwòsàn bá ti fura, òun ni wọ́n máa ń sọ fún. Wọ́n á ya aláìsàn sọ́tọ̀, wọ́n á fi òwú gba nǹkan nínú ọ̀fun rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé àti ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Wọ́n á fún àwọn yẹn ní oògùn, wọ́n á sì máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró àrùn náà kì í dúró de èsì àyẹ̀wò, torí pé bó bá ti pẹ́, agbára rẹ̀ ti dín kù.

Kí ni kí òbí ṣe?

Ẹ gba abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà fún ọmọ yín nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìlera ìjọba. Bí ìgbà bá ti kọjá, ẹ ṣì gbé e lọ. Bí ẹ bá rí awọ eérú lọ́fun ọmọ, ẹ má fọwọ́ hó o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé bélúbélú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà NCDC ni 6232, ọ̀fẹ́ ni pípè é.