Áláàmù olè: Iṣẹ́ relay àti ibi tí iná ti ń jáde nínú pánẹ́ẹ̀lì

Áláàmù tó ń dún dáadáa lọ́sàn-án lè dákẹ́ lóru nígbà tí iná bá ti lọ. Ó lè má jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì ló bàjẹ́ o. Bí wọ́n ṣe so wáyà ló lè fà á: wọ́n gbé ẹrù tó pọ̀ jù lé ibi tí iná kékeré ti ń jáde, tàbí wọ́n rò pé relay fúnra rẹ̀ ń fúnni ní iná. Relay kì í fúnni ní iná rárá.

Ibi mẹ́ta tí iná ti ń jáde

Nínú àpótí pánẹ́ẹ̀lì, transformer máa ń dín iná 230 volt kù, bọ́ọ̀dù á wá sọ ọ́ di nǹkan bíi 12 volt. Bátìrì tó wà nísàlẹ̀ àpótí, tó sábà máa ń jẹ́ 12 volt, 7Ah, ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró tí iná bá lọ.

Àwọn orúkọ tó sábà máa ń wà lára bọ́ọ̀dù nìyí:

AUX: Iná 12 volt máa ń jáde níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ibẹ̀ ni sensor tó ń mọ̀ bí èèyàn bá ń rìn ti ń gba iná.

BELL: Ti fèrè áláàmù ni. Iná kì í jáde níbẹ̀ àfi tí áláàmù bá dún.

PGM: Ibi tí pánẹ́ẹ̀lì ti ń pàṣẹ fún nǹkan mìíràn, bíi gílóòbù ìta tàbí ilẹ̀kùn. Lára ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, nẹ́gétífù ni PGM ń gbé jáde, agbára rẹ̀ sì lè má ju 50 milliampere lọ. Ẹni tó bá so gílóòbù ńlá tàbí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mọ́ ọn tààrà lè jó bọ́ọ̀dù náà. Ìdí nìyí tí a fi nílò relay láàárín wọn.

Bí relay ṣe ń ṣiṣẹ́

Súwìṣì ni relay, iná kékeré ló kàn ń tẹ̀ ẹ́ dípò ọwọ́. Kọ́ìlì inú rẹ̀ máa ń di òòfà tí iná bá wọ̀ ọ́, á sì fa irin kékeré kan mọ́ra. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà níbi súwìṣì náà: COM, NO àti NC. Tí iná kò bá sí nínú kọ́ìlì, COM kan NC. Tí iná bá wọlé, COM á fi NC sílẹ̀, á lọ kan NO. Iná tí ẹ kò bá mú wá sí COM kò lè jáde ní NO.

Láti so ó, ẹsẹ̀ kọ́ìlì kan á lọ sí pósítífù AUX, èkejì á lọ sí PGM. Kọ́ìlì 12 volt tó ní 400 ohm ń jẹ 30 milliampere, PGM tó lè gbé 50 sì gbà á. Ó yẹ kí diode, bíi 1N4007, wà láàárín ẹsẹ̀ kọ́ìlì méjèèjì, kí ìlà ara rẹ̀ kọjú sí pósítífù. Tí relay bá ti ń kú, kọ́ìlì máa ń ta iná tó le padà, ìyẹn sì lè ba PGM jẹ́.

NO ni àbí NC?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbí. Kọ́kọ́rọ́ òòfà máa ń di ilẹ̀kùn mú níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà lára rẹ̀. COM àti NC ni kí iná rẹ̀ gbà kọjá, kí ilẹ̀kùn lè ṣí nígbà tí relay bá ṣiṣẹ́. Àmọ́ bátìrì lè máa bá a gbé iná lọ nígbà tí ilé bá ń jó. Nítorí náà, ó yẹ kí bọ́tìnnì pàjáwìrì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, èyí tó ń gé wáyà kọ́kọ́rọ́ náà gan-an láì dúró de pánẹ́ẹ̀lì.

Ẹ ṣírò ẹrù náà

Ká ní pánẹ́ẹ̀lì ń jẹ 100 milliampere, kíípáàdì 100, sensor mẹ́rin sì ń jẹ 15 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 260. Lórí ìwé, bátìrì 7Ah tuntun á gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 27. Ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ òòfà tó ń jẹ 500 kún un: ó di 760, wákàtí náà sì já sí nǹkan bíi 9. Iná tó bá lọ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bátìrì á ti tán ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Tí bátìrì bá ti gbó, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ó sàn kí kọ́kọ́rọ́ náà ní ẹ̀rọ iná àti bátìrì tirẹ̀, kí relay kàn máa ṣe súwìṣì fún un.

Ìdánwò tí onílé lè ṣe

Ẹ pa súwìṣì iná tó ń lọ sí áláàmù, ẹ jẹ́ kí ó lo bátìrì nìkan fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wá dán fèrè àti ilẹ̀kùn wò. Tí fèrè bá ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ pe oníṣẹ́ kó yẹ bátìrì àti ẹrù ara AUX wò. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà 230 volt inú àpótí náà.