Àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú nínú gúrúùpù WhatsApp: bí a ṣe lè dá a mọ̀, àti ohun tó yẹ ká ṣe

Ọmọ Ìdáàṣà tó bá ní fóònù lónìí, àfàìmọ̀ ni kò fi ní wà nínú gúrúùpù WhatsApp mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ti ilé, ti àdúgbò, ti àwọn tí wọ́n jọ kàwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará wa tó wà ní Kútọnu, ní Èkó, ní Libreville àti ní Paris, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè. Ibẹ̀ la ti ń kéde òkú, ibẹ̀ la ti ń dá owó ìsìnkú, ibẹ̀ náà la ti ń ṣètò ọkọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí Arigbo nínú oṣù kẹjọ. Níwọ̀n ìgbà tí owó ti ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn oníjìbìtì náà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Oríṣi méjì ni ìyọnu yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni pàǹtí lásán, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè: gígà ọ̀fẹ́, iṣẹ́ ní Kánádà, àdúrà tí wọ́n ní kí ẹ rán sí èèyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Spam ni wọ́n ń pè é káàkiri ayé. Ẹran inú agolo tí ilé-iṣẹ́ Hormel ṣe jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1937 ló ni orúkọ náà. Lọ́dún 1970, àwọn aláwàdà Monty Python fi ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń pe orúkọ ẹran náà léraléra títí ẹnikẹ́ni kò fi lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì mọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1978, ọ̀gbẹ́ni Gary Thuerk tó ń bá wọn ta kọ̀ǹpútà fi ìpolówó ọjà kan ránṣẹ́ sí bí 400 èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹrin 1994, àwọn agbẹjọ́rò méjì, Canter àti Siegel, da ìpolówó lọ́tìrì ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún gúrúùpù ìjíròrò Usenet. Ẹ wo nǹkan! Ìwé Amẹ́ríkà ni wọ́n ń polówó nígbà yẹn, òun náà ni wọ́n ṣì fi ń mú àwọn ọmọ wa títí dòní.

Pàǹtí kì í pa èèyàn. Ẹ pa á rẹ́, ó tán. Oríṣi kejì ló ń dá ilé rú: kí ẹnìkan wọ orúkọ ẹlòmíì bí ẹ̀wù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ nínú gúrúùpù ilé tiwa. À ń palẹ̀ ìsìnkú bàbá kan mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé pẹ̀lú àwòrán àti orúkọ ìyá tó jẹ́ akápò wa: ẹ kú ará fẹ́ra kù, nọ́ńbà MoMo mi àtijọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ fi owó ìsìnkú sí èyí. Èèyàn mẹ́ta ti fi owó ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan, tó wà lọ́jà Glazoué ní ọjọ́rú yẹn, tó pe ìyá náà nítorí ọ̀rọ̀ iṣu. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ojú wa wá là lẹ́yìn tó ti bọ́ sórí: ìyá akápò kì í kọ̀wé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ohùn ló máa ń rán. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí.

Owó náà kò padà wá. Èyí tó tún dùn wá ju owó lọ ni pé àwọn kan nínú gúrúùpù ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òun gan-an ló jẹ owó òkú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Wọ́n lè ra síìmù tuntun kí wọ́n lẹ àwòrán yín mọ́ ọn. Ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n sì lè gba WhatsApp yín gan-an: wọ́n á kọ nọ́ńbà yín sórí fóònù tiwọn, kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà á wọlé sọ́dọ̀ yín nípasẹ̀ SMS, wọ́n á wá fi orúkọ ọ̀rẹ́ yín kan bẹ̀ yín pé: “Jọ̀wọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí ẹ, bá mi kà á.” Ẹni tó bá kà á, ilé rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ìyípadà nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024 tún lè di ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé. Nọ́ńbà wa tó jẹ́ mẹ́jọ di mẹ́wàá, a fi 01 síwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà, etí wa ti mọ́ gbólóhùn “nọ́ńbà mi tuntun rèé”. Bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó yí padà. Ẹ yọ 01 kúrò: bí mẹ́jọ tó kù kò bá bá èyí tó wà nínú fóònù yín mu, kì í ṣe ìjọba ló yí i padà.

Kí ni ká ṣe? Ẹ pè é. Ẹ má fèsì lórí WhatsApp náà, ẹ pe nọ́ńbà àtijọ́ lórí ìlà lásán. Ẹ má sì gbà pé ohùn nìkan tó, torí ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ báyìí. Ẹ bi í ní ohun tí kò sí lórí Facebook: oríkì tí ìyá àgbà fi ń kí i, tàbí ẹni tó sùn sí yàrá kejì nígbà ìsìnkú tó kọjá. Kí ẹ tó tẹ kóòdù MoMo, ẹ ka orúkọ tó bá yọ síta. Ẹ lọ sí Paramètres, sí Compte, kí ẹ ṣí Vérification en deux étapes, kóòdù yẹn nìkan kò ní tó wọn mọ́. Nínú Confidentialité, ẹ lè yan ẹni tó lágbára láti fi yín sínú gúrúùpù. Ẹ̀yin adimíìnì, ẹ lè sọ pé àfi kí ẹ fọwọ́ sí i kí àlejò tó wọlé, ẹ sì lè pa àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú rẹ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́. Nọ́ńbà náà, aago tó wọlé àti nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá máa bèèrè. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù, nítorí ìṣẹ́jú ṣe pàtàkì, lẹ́yìn náà ẹ lọ sí kọmisaria tàbí sí CNIN, tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018 wà nílẹ̀. Abala 550 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá dá irọ́ sílẹ̀ nípa ẹnìkan lórí ẹ̀rọ ayélujára, tàbí tó bá tàn án ká, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan sí mẹ́fà, tàbí kó san 500 000 sí 1 000 000 fránkì sẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹni tó ń tàn án ká náà wà níbẹ̀ o. Àwọn tó ń pe akápò wa lólè kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè kan àwọn náà.

Ìyá náà kúrò nínú gúrúùpù fún oṣù méjì. Nígbà tó padà, ó ní àfi bí a bá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìpàdé, kó sì jẹ́ pé níbẹ̀ nìkan, lójú gbogbo ilé, ni wọ́n ti lè yí i padà. Ìwé náà ṣì wà lára ògiri.