Láti 1969 dé 2013: Ìwé Àṣẹ, Owó àti Oníṣòwò Nàìjíríà ní Gánà

Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra tàbí Kumasi, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé Gánà ti da àdéhùn ECOWAS. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ará Ọgbọ́mọ̀ṣọ́ tàbí Èjìgbò tó lọ ṣòwò ní Gold Coast kì í ṣe àjèjì lójú òfin. Òmìnira ló sọ ọ́ di àjèjì. Òfin tí Gánà ṣe ní 1963 ní kí àjèjì gba ìwé àṣẹ ìgbélùú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò gbà á. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún ẹni tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á tàbí kí ó kúrò nílùú. Àwọn tó ti kọ́lé, tí wọ́n sì ti bímọ síbẹ̀, wá rí i pé dúkìá kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ní 1970, òfin mìíràn fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 ti fàyè gba ọmọ ẹgbẹ́ láti wọ ìlú fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé, tí ọmọ Gánà pọ̀ jù nínú wọn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ. Ẹ̀tọ́ wíwọlé yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ gbígbé: àdéhùn lórí gbígbé kò dé títí di 1986, ti ìdásílẹ̀ òwò sì di 1990.

Ní 2013, òfin ìdókòwò Gánà so àyè ìgbélùú mọ́ owó. Ilé-iṣẹ́ tí olówò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 50,000 dọ́là lè mú àjèjì kan wọlé. Èyí tó bá ju 700,000 lọ lè mú mẹ́rin. Àjèjì tó bá fẹ́ máa rà kó máa tà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kí ó sì gba 20 ọmọ Gánà tó mọṣẹ́. Òwò inú ọjà di ti onílùú.

Irú ẹni tí wọ́n lé ní 1969 náà ni ilẹ̀kùn yìí tì mọ́ta. Bí ọmọ ECOWAS àti àjèjì láti òkèèrè bá ń san iye kan náà, kí ni àǹfààní àdéhùn wa? Iye owó tó yẹ ọmọ ẹgbẹ́ ló yẹ kí Àbújá bá Accra jókòó lé lórí. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: kí oníṣòwò náà mọ òfin kí ó tó gba ṣọ́ọ̀bù.