Ọdẹ Nínú Orúkọ: Láti Iṣẹ́ Dé Orúkọ Ìdílé

Orúkọ bíi Ọdẹ́túndé, Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́yẹmí àti Ọdẹ́níyì wọ́pọ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ wọn lónìí kò gbé ìbọn wọ igbó rí. Kí ni ọ̀rọ̀ náà ọdẹ ń sọ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, kí sì ni kò sọ? Ìbéèrè yìí kan onítàn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orúkọ ìdílé wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọpa ìran.

Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe dẹ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá ọdẹ. Ó ń tọ́ka sí ẹni tó ń dẹ ìgbẹ́, ó sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bó ti hàn nínú ṣọdẹ. Méjèèjì ló wà nínú orúkọ: ènìyàn ni ọdẹ nínú Ọdẹ́wálé, iṣẹ́ ni nínú Ọdẹ́yẹmí. Iṣẹ́ yìí kò sì mọ sí ẹran pípa. Ọdẹ ló mọ ọ̀nà, omi, ewé àti ibi tí ilẹ̀ ti gba ìtẹ̀dó. Ìdí nìyí tí ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògúnlọlá ọdẹ, tí ti Òṣogbo sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Tìmẹ́yìn ọdẹ àti Láróòyè. Nínú àwọn ogun ọ̀rúndún 19, ọdẹ ni amí àti atamátàsé; nígbà àlàáfíà, òun ni ẹ̀ṣọ́ ìlú lóru. Láti ibẹ̀ ni ìtumọ̀ mìíràn ti jáde, tó gbilẹ̀ ní ìlú ńlá: ọdẹ ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí báńkì, bí kò tilẹ̀ dá ipasẹ̀ ẹran kan mọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ inú orúkọ, ohùn rẹ̀ ń yí padà. Ohùn àárín méjì ni ọdẹ ní. Nínú Ọdẹ́túndé, sílébù kejì ti gba ohùn òkè. Ohùn òkè yìí ló máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ìgbà tí wọ́n bá wí pé ọdẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àyàn ṣe rí nínú Àyántúndé. Odidi gbólóhùn ni orúkọ náà nígbà náà, ọdẹ sì ni olùwà rẹ̀. Kò pe ọmọ náà ní ọdẹ. Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ọdẹ nígbà tí wọ́n bí i. Ipò yìí gan-an ni Ògún wà nínú Ògúnwálé, tí Ifá wà nínú Ifátúndé. Iṣẹ́ tó bá dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ti kọjá ọ̀nà àtijẹ. Ó ti di ohun tí ìdílé ń yìn tó sì ń bọ.

Kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé Badagry àti Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1840 sí 1850, Yorùbá kò ní orúkọ ìdílé bí ti òde òní. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, oríkì rẹ̀ àti orílẹ̀ rẹ̀. Ìrìbọmi, ilé-ẹ̀kọ́, kóòtù àti ìwé owó oṣù ló béèrè orúkọ kan tí yóò so baba mọ́ ọmọ. Báyìí ni ẹ̀rí ìbí ẹnìkan ṣe di orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ tí a bí nínú ipò mìíràn. Ìyàwó tó ti agboolé onílù wá náà di Ọdẹ́túndé, Àyàn tirẹ̀ sì fara sin.

Bí orúkọ yìí kò ṣe fi hàn pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ jẹ́ ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni àìsí rẹ̀ kò fi hàn pé ìdílé kan kì í ṣe ti ọdẹ. Ògúnlọlá fúnra rẹ̀ jẹ́ ọdẹ láìsí Ọdẹ́ nínú orúkọ rẹ̀. Ọlá Rótìmí mọ èyí: nínú eré rẹ̀ The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1968, Ògúndélé ni orúkọ ọdẹ tó tọ́ Ọdẹ́wálé dàgbà. Ìdílé mìíràn tún ti fi Olú rọ́pò Ògún nítorí ẹ̀sìn tuntun, ipa ọdẹ sì parẹ́ lórí ìwé.

Ní Brazil, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Candomblé, Odé ni wọ́n tún ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Mãe Stella de Oxóssi (1925–2018), tó di olórí Ilê Axé Opô Afonjá ní Salvador ní 1976, ń jẹ́ Odé Kayodé, ìyẹn ni pé ọdẹ kó ayọ̀ dé. Kì í ṣe baba tó bí i ló ti gbà á. Ìgbà tí wọ́n fi í jẹ òrìṣà ló di tirẹ̀. Níbẹ̀, ọdẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó di orúkọ òrìṣà. Nílé, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó di orúkọ ìdílé.

Àìfi àmì ohùn sí i tún mú ọ̀rọ̀ le. Nínú Odetunde tí kò ní àmì, ojú lásán kò lè ya ọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára òde tàbí ọ̀dẹ̀. Olùwádìí tó bá fẹ́ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tọpa ìran gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni ín, kí ó sì wádìí oríkì agboolé, pàápàá èyí tó wà nínú ìjálá, tí Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé lé lórí ní 1966. Orúkọ lè fi ibi tí ipasẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Oríkì ló ń sọ ẹni tó rìn ín.