Mẹ́ta Kò Tó: Lórí Wíwá Ìyàtọ̀ Nínú Iṣẹ́ Jíìnì

Bí onímọ̀ bá fẹ́ mọ jíìnì tí iṣẹ́ rẹ̀ yí padà nínú àìsàn kan, yóò ka iye RNA tí jíìnì kọ̀ọ̀kan pèsè lára aláìsàn àti lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bí ti aláìsàn bá fi ìlọ́po méjì ga, ojú a máa kánni láti kéde rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìlọ́po nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Iye RNA ènìyàn méjì tí ara wọn le kì í dọ́gba. Àfi ká kọ́kọ́ mọ bí jíìnì náà ṣe ń lọ sókè sódò láàárín wọn, ká tó di ẹ̀bi ru àìsàn.

Ìyẹn gba àpẹẹrẹ púpọ̀ láti ìhà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n owó kì í sábà jẹ́ ká rí ju mẹ́ta mẹ́ta lọ. Ọgbọ́n tí onímọ̀ ìṣirò Gordon Smyth gbé jáde ní Melbourne ní 2004 ni pé kí àwọn jíìnì máa yá ìmọ̀ lọ́wọ́ ara wọn: bí a ti wọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ̀, ìṣesí gbogbo wọn ni a fi ń tún ìṣirò ségesège ti ọ̀kan ṣe. DESeq2, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe irú ìṣirò yìí, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni. Kò lè sọ mẹ́ta di ogún.

Bí a bá sì dán 20,000 jíìnì wò, tí a fàyè gba àṣìṣe 5 nínú 100, nǹkan bí 1,000 lè yọjú lórí asán. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Benjamini àti Hochberg là ní 1995 ló ń kó àwárí èké bẹ́ẹ̀ níjàánu.

Ẹ wo ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Dundee, ní Scotland, tó jáde ní 2016. Yíìsì oríṣi méjì ni, àpẹẹrẹ 48 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n lo mẹ́ta péré, mẹ́sàn-án nínú irinṣẹ́ ìṣirò 11 tí wọ́n dán wò kò rí ju ìdá 20 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn jíìnì tí odindi àpẹẹrẹ fi hàn. Wọ́n ní ká má ṣe lo ohun tó dín sí mẹ́fà. Yíìsì inú ìgò nìyẹn o, tí oúnjẹ àti ooru wọn jẹ́ ọ̀kan; mélòó wá ni ènìyàn, tí ọ̀kan jẹun yó, tí èkejì kò rí oorun sùn?

Àwọn kan á ní àwọn ti ka àpẹẹrẹ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ ìkòkò kan wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìkòkò kan ló ṣì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé béèrè owó ìwádìí, ẹ dín àkàtúnkà kù, kí ẹ fi owó náà wá àpẹẹrẹ kún àpẹẹrẹ.